Bí mo ṣe pàtẹ iṣẹ́ ọnà àwọn obìnrin ní Ọ̀yọ́

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to iṣẹ́ ọnà àwọn obìnrin sínú gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ọ̀yọ́. Mo ti bèèrè títí lọ́jà Akẹ̀sán: ta ló mọ ìkòkò yìí, ta ló hun aṣọ yìí? Èsì kan náà ni: "Àwọn ìyá kan ni." Ó máa ń dùn mí. Mo wá pinnu pé ohunkóhun tí mo bá pàtẹ, orúkọ ẹni tó ṣe é á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kíjìpá, aṣọ tí àwọn obìnrin máa ń hun, ni mo kọ́kọ́ gbé kọ́. Òfì obìnrin máa ń dúró ti ògiri ni, aṣọ rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju ti òfì ọkùnrin lọ. Mi ò kan ìṣó mọ́ ọn, kó má baà ya. Mo ká etí rẹ̀, mo rán an, mo wá ti ọparun bọ̀ ọ́. Ìkòkò ò ní ìdí pẹlẹbẹ, torí náà orí òṣùká ni mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà níbi tí oòrùn ò dé, kí aró rẹ̀ má ṣá. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe àwòrán ara rẹ̀: òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn àti ṣíbí tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró mú aṣọ, ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà á. Níbì kan, ẹ̀kọ ti kán sílẹ̀. Ayàwòrán náà sọ ọ́ di ojú ẹyẹ.

Ọmọkùnrin kan ní ìkòkò kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Mo ní kó yọ ogún náírà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ladi Kwali rèé, amọ̀kòkò. Fásitì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1977.

Orúkọ ló gbà mí lákòókò jù. Ìyá tó hun kíjìpá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Orúkọ àkọ́bí wọn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ tiyín gan-an ni mo fẹ́." Wọ́n dákẹ́. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n dárúkọ, wọ́n fi oríkì kún un. Mo kọ méjèèjì gàdàgbà sórí páálí.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, wọ́n dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí oríkì àwọn wà. Mo tọ́ ọ. Wọ́n ní kí ọmọ náà kà á sókè. Ó kà á. Wọ́n ní kó tún un kà.