Bí mo ṣe kó iṣẹ́ wa kúrò lórí Subversion lọ sórí Git láì sọ ìtàn ẹ̀ nù

Subversion àti Git jẹ́ ohun èlò tí àwa tí à ń kọ sọ́fítíwià fi ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà tó bá kóòdù. Àwọn tí mo kọ́kọ́ bi ní kí n má da ara mi láàmú, wọ́n ní kí n kó fáìlì tó wà nínú trunk (fódà iṣẹ́ gangan), kí n ṣe git init (ìyẹn bíbẹ̀rẹ̀ Git tuntun), kí n ṣe commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) kan ṣoṣo, ó ti parí nìyẹn. Ó máa parí lóòótọ́, ìtàn iṣẹ́ ọ̀hún náà á sì parí síbẹ̀. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni sọ́fítíwià tí mò ń sọ yìí, òun la fi ń ṣírò owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá, owó tí wọ́n yá, èlé orí ẹ̀, àti èrè tí wọ́n ń pín ní ìparí ọdún. Àwọn ibì kan wà nínú kóòdù yẹn tó jẹ́ pé tí ẹ bá kà á ẹ ó ní ṣé orí ẹni tó kọ eléyìí pé ṣá, àfi ìgbà tí ẹ bá ṣí svn log (àkọsílẹ̀ àyípadà inú Subversion) lẹ ó tó rí i pé ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tó bá yáwó láàárín oṣù, oṣù tó tẹ̀ lé e ni èlé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Tí log yẹn bá sọnù, ọmọ tuntun kan á dé lọ́la, á ní òun ń tún un ṣe, ó di ìjà nínú ẹgbẹ́.

Mi ò bú Subversion o. CollabNet bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2000 láti rọ́pò CVS (ohun èlò irú ẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀), ó sì sìn wá dáadáa. Wàhálà ẹ̀ ni pé ojú kan ni ìtàn wà, lórí server (kọ̀ǹpútà àpapọ̀), tí iná bá lọ níbi tí server wà tàbí nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, kò sí commit, kò sí log, ẹ kàn jókòó ni. Ti Git, tí Linus Torvalds kọ ní April 2005 nígbà tí wọn ò jẹ́ kí àwọn tó ń kọ Linux lo BitKeeper (ohun èlò irú ẹ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀) lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, gbogbo ìtàn ló wà lórí lápútọ́ọ̀pù ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àti pé àwọn ọ̀dọ́ tí à ń gbà síṣẹ́ báyìí, Git nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé gbogbo Subversion yẹn wá sílé. Mo ní kí ẹni tó ń bójú tó server ṣe svnadmin dump (kíkó gbogbo ìtàn sínú fáìlì kan) fún mi, mo gbé e sórí drive, mo dé orí lápútọ́ọ̀pù mi mo ṣe svnadmin create àti svnadmin load láti kó o padà sínú Subversion tuntun. (Tí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan server, ẹ lè fi svnrdump fà á láti òkèèrè.) Ìdí tí mo fi ṣe é ni pé git svn, tó ń kó ìtàn Subversion sínú Git, máa ń mú revision (àyípadà tó ní nọ́ńbà tiẹ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan ni, tí ẹ bá ní kí ó máa mú u gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń fi ṣíbí gbọ́n odò lẹ jẹ́. Tó bá ti jẹ́ file:// (àdírẹ́ẹ̀sì ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín gan-an) lẹ kọ, kíá ni. Tí iná bá sì lọ láàárín, kò sí ìjayà, ẹ padà sínú fódà yẹn, ẹ ṣe git svn fetch, á máa bá a lọ láti ibi tó dé.

Ibi tó gba ọpọlọ mi jù wá kù, ìyẹn orúkọ àwọn èèyàn. Subversion ò tọ́jú ju username lọ, àmọ́ Git fẹ́ orúkọ àti íméèlì. Mo fi svn log -q àti awk pẹ̀lú sort -u yọ gbogbo username jáde, mo wá kọ fáìlì authors.txt, ẹnì kan lórí ìlà kan, username, àmì ìdọ́gba, orúkọ, íméèlì. Tí git svn bá bá ẹnì kan pàdé tí kò sí nínú fáìlì yẹn ńṣe ló máa dúró, ìyẹn sì dáa, kò jẹ́ kí n fo ẹnikẹ́ni. Mo wá ń pe àwọn tó ti kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá tó kọ apá àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìn tì, mo pè wọ́n, mo ní ẹ káàárọ̀ sà, wọ́n ní "Ṣé nǹkan yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Ẹ ò tíì jù ú nù?" Mo ní rárá sà, íméèlì yín la fẹ́ mọ̀, torí tí a bá ti kọ ọ́ sínú Git, á wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀dà iṣẹ́ yẹn, kò ṣe é pa rẹ́ bọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ wọn kó pé, kí n fi íméèlì ẹgbẹ́ sí i dípò tiwọn. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Username kan wà tó ń jẹ́ admin, onírúurú èèyàn ló lò ó lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, àwọn kan ní kí n fi orúkọ ọ̀gá sí i, mo kọ̀ jàre, "Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì" ni mo kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni git svn clone gangan, ìyẹn kíkó ìtàn náà sínú Git. Ẹni tí fódà ẹ̀ bá jẹ́ trunk, branches (ẹ̀ka iṣẹ́), tags (ẹ̀dà tí a sàmì sí), --stdlayout ti tó o. Tiwa, releases ni wọ́n pè é dípò tags, mo wá fi -T trunk -b branches -t releases. Mo fi --preserve-empty-dirs sí i, torí Git kì í gbé fódà tó ṣófo, bẹ́ẹ̀ fódà kan wà tí sọ́fítíwià máa ń kó rìsíìtì sí, tí kò bá bá a níbẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kí ẹ lo --no-metadata (tí kì í jẹ́ kí ìlà git-svn-id wọlé) kí log lè mọ́. Èmi ò lò ó. Ìwé tí à ń kọ ẹ̀sùn sí, nọ́ńbà revision ló kún inú ẹ̀, "a tún un ṣe ní r1482", ìlà git-svn-id tó wà lábẹ́ commit ló jẹ́ kí n lè fi git log --grep wá nọ́ńbà yẹn rí. Mo kàn fi --rewrite-root sí i kí àdírẹ́ẹ̀sì server gidi hàn níbẹ̀, kó má jẹ́ ti lápútọ́ọ̀pù mi.

Àwọn release á wọlé gẹ́gẹ́ bíi branch, ẹ ní láti fọwọ́ yín sọ wọ́n di tag. git svn show-ignore ló fún mi ní .gitignore (orúkọ àwọn fáìlì tí Git ò ní tọ́jú). Ìyẹn ò le.

Èyí tó le ni backup. Ẹnì kan ti commit backup database nígbà kan, ó pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n pípa rẹ́ lójú ò ní kó kúrò nínú ìtàn. Ó ju 100 MB lọ, GitHub (ìkànnì tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ Git sí) ò sì ní gba fáìlì tó bá ju ìyẹn lọ. Kí a tiẹ̀ gbàgbé GitHub, orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀! Mo fi git clone --no-local ṣe ẹ̀dà tuntun, mo fi git filter-repo pẹ̀lú --invert-paths yọ fódà yẹn dànù pátápátá. Hash (àmì ìdánimọ̀) commit tó gbé backup yẹn wọlé àti ti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló máa yí padà tí ẹ bá ṣe é, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó clone (ṣe ẹ̀dà) rẹ̀.

Kí n tó fọkàn balẹ̀, mo mú release kọ̀ọ̀kan, mo fi svn export --ignore-keywords gbé ti Subversion, mo gbé ti Git, mo fi diff -r wò bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Tí ẹ ò bá fi --ignore-keywords sí i, àwọn ìlà $Id$, tí Subversion máa ń kọ nǹkan kún fúnra ẹ̀, á máa yàtọ̀, ẹ ó rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sínú script (àtòjọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) kan, torí àwọn èèyàn ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Subversion ní gbogbo àsìkò yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Friday a ti server sí kíkà nìkan, mo gba dump --incremental ti àwọn revision tó kù, mo load ẹ̀, mo fetch, mo run script, mo push (fi ránṣẹ́ sí server) branch àti tag.

Monday ni ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ké sí mi, wọ́n ní "Mo ti commit láti àárọ̀, kí ló dé tí ẹ ò rí i?" Lórí Subversion, commit ti dé server nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ó ku push. Wọ́n ní ta ló ní kí wọ́n pín in sí méjì. Mo ṣàlàyé pé òun ló jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ nílé láìsí dátà, wọ́n mi orí, wọ́n push, àmọ́ títí dòní wọ́n ṣì ń kùn.