Ìjàpá tó ń kú ní slow

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kankan ò bi mí o, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Volkswagen ìjàpá, tó bá ń kú nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ má tíì jẹ́ kí mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, palẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ Solex, irú tí ìjàpá ń lò, nǹkan róbótó kékeré kan wà tí wáyà kan ṣoṣo wọ̀. Kì í ṣe chóòkì, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, o, ìyẹn tóbi jù ú lọ. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún epo tí ẹ́ńjìnnì ń lò ní slow, ìyẹn nígbà tẹ́ ò tẹ tọ́tù. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì stáàtì, ẹ yọ wáyà náà, kẹ́ ẹ tún fi kàn án. Ó gbọ́dọ̀ dún "kọ́". Tí ò bá dún, bóyá iná ò débẹ̀, tàbí òun fúnra rẹ̀ ló ti kú. Tèmi, wáyà lásán ló jábọ́. Mo ti ra kábúrétọ̀ tòkunbọ̀ kí n tó mọ̀!

Tó bá dún, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ stáàtì, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sídìí kábúrétọ̀, níbi gáskẹ́ẹ̀tì tó dí àlàfo abẹ́ rẹ̀. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ti lu. Ẹ má fi bẹntiróòlù dán an wò láéláé.

Ìgbà yẹn lẹ tó lè yí sikúrù tí wọ́n fi ń to slow, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa. Tó bá ṣì tutù, chóòkì ò tíì ṣí tán, ẹ ò ní rí i tò.