Bí mo ṣe tún ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bóòtì wa ṣe lẹ́yìn tí iyọ̀ ti jẹ ẹ́

Yamaha 40 lèmi àti bùrọ̀dá mi fi ń kó èrò ní Ìkòròdú, ọdọọdún la sì máa ń fi ọ̀dà kun ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn apá tó máa ń wà nínú omi níbi tí pròpẹ́là wà, á máa dán, èrò á ní ẹ ti ra tuntun. Àṣé egbò la kàn ń bò mọ́lẹ̀.

Lóṣù March mo tú ọ́ìlì gíà, ó jáde bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti wọlé nìyẹn. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà nítòsí pròpẹ́là, ló bá ń ṣí bí èèpo iṣu sísè, nǹkan funfun bíi láfún ń dà lábẹ́ ẹ̀. Àlùmíníọ́mù kì í pọ́n bíi irin tó dípẹtà, ìdí tá ò fi fura nìyẹn. Ihò kan wà níbẹ̀ tí orí ìṣáná wọ̀ tán pátá.

Ẹ wò ó, àlùmíníọ́mù ni ẹsẹ̀ yẹn, siténléésì ni ọ̀pá pròpẹ́là àti nọ́ọ̀tì, bí méjèèjì bá jọ wà nínú omi iyọ̀ iná kékeré á máa lọ láàárín wọn bíi ti bátìrì, àlùmíníọ́mù ló sì máa ń jẹ̀yà ẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe so ègé irin kékeré kan tá à ń pè ní zinc mọ́ ọn, kí iyọ̀ rí nǹkan míì jẹ. Àwa ńkọ́? A kun zinc náà lọ́dà! Ọdún mẹ́rin, tuntun ló ṣì wà, mo tiẹ̀ ń yọ̀ pé ó lágbára.

Nọ́ọ̀tì ló fìyà jẹ mí jù. Mo fi WD-40, òróró tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó há, sí i mọ́jú, mo fi iná gáàsì yá a díẹ̀díẹ̀, mẹ́ta jáde, ìkẹrin kán sínú, àfi ká gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu ihò. Wẹ́dà kan ní òun á jó ihò ìṣáná yẹn dí, mo ní rárá o, ó sún mọ́ ilé bíárìn jù, ooru lè wọ́ ọ. Sáńpépà 80 ni mo fi ha á títí ó fi dán, lẹ́yìn náà 180, mi ò lo búrọ́ọ̀ṣì onírin torí ó máa ń fi irin sílẹ̀ lára ẹ̀. Mo fi epoxy, gọ́ọ̀mù tó máa ń le bí òkúta, dí ihò, ó gbẹ fún ọjọ́ kan, mo kun práímà tó wà fún àlùmíníọ́mù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kun ọ̀dà. Ọ̀rẹ́ wa kan gbé ọ̀dà pupa ìdí ọkọ̀ wá, mo wo ara gálọ́ọ̀nù, bàbà wà nínú ẹ̀, mo dá a padà kíá, bàbà á kàn bá iyọ̀ jẹ ẹ́ ni.

Síìlì tuntun, ọ́ìlì tuntun, gíríìsì lára gbogbo nọ́ọ̀tì. Zinc ńkọ́, èyí tí wọ́n fi àlùmíníọ́mù ṣe ni mo rà, torí ọ̀sà wa kì í dúró sójú kan, bí òjò bá ti pọ̀ omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀, zinc gidi á wá ní èèpo líle lára, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ha ibi tó jókòó sí kí irin kan irin, mi ò sì jẹ́ kí ọ̀dà kàn án. Tó bá ti jẹ dé ìdajì, a máa pààrọ̀ ẹ̀. Lálẹ́ a máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú omi, lọ́jọ́ Sunday a sì máa ń fi omi bohóòlù fọ inú ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì ojú zinc ti rí jágajàga. Bùrọ̀dá mi ní wọ́n ti ta ayédèrú fún wa. Mo ní ẹ fi sílẹ̀ jàre, jíjẹ yẹn gan-an la sanwó fún.