Yíyan Ohun Ìtẹ́lẹ̀ Tí Ń Di Omi Mú fún Àgò Ejò, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Nígbà tí ojú ejò bá ṣú bí ẹni pé wàrà wọ inú rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, ìgbà náà sì ni ẹni tó ń sìn ín yóò mọ̀ bóyá ohun tí òun tẹ́ sínú àgò dára. Bí inú àgò bá gbẹ jù, awọ náà kò ní bọ́ lódindi. Yóò máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èyí tó bo ojú lè lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó wà ní ìrù sì lè fún un títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ṣóńṣó rẹ̀ mọ́.

Irú ejò tí a ń sìn ni kí a kọ́kọ́ wò. Erè kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python fẹ́ràn ọ̀rinrin tó tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, ṣùgbọ́n ejò aṣálẹ̀ kò nílò ohun ìtẹ́lẹ̀ tí ń di omi mú yìí. Èèpo àgbọn tí a lọ̀ ń fa omi mu dáadáa, àmọ́ eruku ni nígbà tó bá gbẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pò ó mọ́ èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́. Sphagnum moss, irú ewéko rírọ̀ kan tó ń fa omi mu, dára nínú ihò tí ejò ń sá pamọ́ sí. Kí a yàgò fún igi cedar, nítorí òróró inú rẹ̀ tó ń ta sánsán ń ṣe ejò ní ibi; kí a má sì lo ilẹ̀ ọgbà tí wọ́n ti po ajílẹ̀ mọ́. Ìfárí igi aspen kò burú, àmọ́ kíá ló ń bu bí omi bá kàn án.

Kí ohun tí a tẹ́ náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igun àgò ni kí a da omi sí, kí ó lè rìn lọ sí ìsàlẹ̀, kí òkè sì wà ní gbígbẹ, nítorí ejò tó bá ń sùn lórí ohun tó rin gbingbin yóò lé ròrò ní ikùn. Láti mọ ìwọ̀n, kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀, kí a fún un bí ẹni ń fún aṣọ: bí omi bá kán, ó ti pọ̀ jù, bí ó bá dì mọ́ra nínú àtẹ́lẹwọ́ tí omi kò sì jáde, ó ṣe déédéé.

Ibi ìtọ́jú gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Èèpo àgbọn tí a kì bíi bíríkì lè pẹ́ gan-an bí kò bá fojú kan omi, nítorí náà kí a gbé e kúrò nílẹ̀, kí a sì fi ọ̀rá wé e. Èyí tí a ti rẹ sínú omi, ìwọ̀n tí a fẹ́ lò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kí a rẹ. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí a sá a kí ó gbẹ kí a tó dé e. Mo ti da odindi àpò kan nù rí, torí pé mo so ẹnu rẹ̀ pa nígbà tó ṣì tutù. Nígbà tí mo tú u, òórùn ìkẹrà ló pàdé mi, olú funfun sì ti ta bò ó. Èèpo igi tí a bá fura sí pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí a kó o sínú fírísà fún ọjọ́ mélòó kan, kí a sì jẹ́ kí ó yọ́ tán, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kí a tó tẹ́ ẹ fún ejò.