Bí Mo Ṣe Ya Ojú Batman

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí kò mọ̀ ju Batman lọ, akọni tó ń múra bí àdán nínú kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní kí n ya ojú rẹ̀ gàdàgbà sórí bébà, òun fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá òun. Àwòrán ojú èèyàn ni mo sábà máa ń yà fún àwọn oníbàárà mi, ẹyinjú la sì ń lé níbẹ̀: bí ẹyinjú bá ti jọ ti ẹni náà, ìyókù á rọrùn. Batman kò ní ẹyinjú ní tirẹ̀. Ìbòrí dúdú bò ó títí dé imú, ihò funfun méjì ló wà níbi tí ojú yẹ kó wà, ẹnu àti àgbọ̀n nìkan ló hàn síta. Ibi tín-ń-tín tó ṣí sílẹ̀ yẹn ló máa sọ bóyá inú ń bí i ni tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù.

Bébà líle A3 ni mo lò, irú èyí tí yíǹkì kì í tàn lórí rẹ̀. Mo ní pẹ́ńsù HB fún ìlà àkọ́kọ́, 2B tó rọ̀ tó sì dúdú jù ú lọ fún òjìji, rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan àti yíǹkì dúdú.

Mo fi HB ya orí, òkè rẹ̀ gbòòrò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó díẹ̀. Ọwọ́ fúyẹ́ ni mo fi fà á, torí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni màá pa rẹ́ tó bá yá. Mo fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fa òmíràn ní ìbú láàárín gan-an. Ìlà ìbú yìí ni ojú máa jókòó lé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ àwòrán ló máa ń gbé ojú sókè jù, irun orí ló ń tàn wọ́n jẹ. Ìsàlẹ̀ imú wà ní ìdajì ọ̀nà láti ìlà ojú sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Bí a bá wá pín láti ìsàlẹ̀ imú dé àgbọ̀n sí ọ̀nà mẹ́ta, níbi tí ìpín àkọ́kọ́ parí sí ni ẹnu wà.

Ti èèyàn tó dúró tó wo iwájú nìyẹn. Èmi fẹ́ kí tèmi tẹ orí ba díẹ̀, kó máa wo èèyàn láti abẹ́ iwájú orí. Nítorí náà mo jẹ́ kí àwọn ìlà ìbú náà tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín, mo sì sún gbogbo wọn wálẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni iwájú orí ti fẹ̀, tí àgbọ̀n sì ti kúrú. Àgbọ̀n tó bá kúrú báyìí, a ní láti fi ìbú san án padà fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ọmọdé la máa rí.

Ìbòrí ló kàn. Ohun tó bo orí ní ìnípọn tirẹ̀, torí náà mo fi àyè díẹ̀ sáàárín ìlà orí àti ìlà ìbòrí. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kun orí ọkùnrin náà. Etí méjèèjì gbéra láti ẹ̀gbẹ́ orí, ìlà ìta wọn sì ń bá ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ tààrà sókè. Gígùn wọn, ọwọ́ ayàwòrán ló wà. Àwọn kan ń nà án gan-an, àwọn kan gé e kúrú. Èmi ò fẹ́ràn èyí tó gùn jù, torí ó máa ń fa ojú ẹni tó ń wò ó kúrò lórí ẹnu.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì fi ẹyinjú sí i o.” Ọmọ náà ti dúró sẹ́yìn mi. Mo ní bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Nígbà tí Bob Kane kọ́kọ́ yà á ní Amẹ́ríkà, ìbojú pélébé ló fi sí i lójú, ó wọ aṣọ pupa fún un, ó sì fi ìyẹ́ gan-an-ran sí i lẹ́yìn. Bill Finger, òǹkọ̀wé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló fi àwòrán àdán hàn án nínú ìwé atúmọ̀ èdè, tó ní kó wo etí rẹ̀, kó ṣe ìbòrí tó ní irú etí bẹ́ẹ̀, kó sì yọ ẹyinjú kúrò kí ẹni náà lè ṣòroó mọ̀ délé. Ìtàn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1939 nínú ìwé kọ́míìkì Detective Comics nọ́ńbà 27. Orúkọ Kane nìkan ni wọ́n ń kọ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Finger ti kú láti 1974, ó di 2015 kí wọ́n tó fi orúkọ tirẹ̀ náà sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí gbogbo ohun tí mo ti yà sórí bébà títí di ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá.

Ojú funfun náà ní igun mẹ́ta: igun inú wà nísàlẹ̀, igun ìta ga sókè. Mo jẹ́ kí ìlà òkè ki ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí òun ló ń ṣe iṣẹ́ irun ojú tí ìbòrí ti bò. Mo wá gbé bébà síwájú dígí. Ojú tó ga ju èkejì lọ, inú dígí lèèyàn ti tètè ń rí i.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹnu. Eégún tiwa fi àwọ̀n bo ojú, ohùn àti ijó ló fi ń jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é. Ti orí bébà kò lè jó. Ìlà kan ni mo fi ya ẹnu, níbi tí ètè méjèèjì ti pàdé. Mi ò fi rúlà fà á: ó wọlẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó gòkè díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó wá rọ̀ wálẹ̀ ní igun méjèèjì. Mi ò fa ìlà kankan yí ètè òkè ká. Ètè ìsàlẹ̀, òjìji kúkúrú kan lábẹ́ rẹ̀ ti tó o. Ẹni tó bá fa ìlà yí méjèèjì ká, á kàn rí i pé Batman ti kun ètè ni. Igun ẹnu ni kí a fi sùúrù ṣe. Bó bá rọ̀ díẹ̀, inú ń bí i. Bó bá rọ̀ jù, ó fẹ́ sunkún. Mo jẹ́ kí igun ọ̀tún rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ ní ìwọ̀nba, ojú náà bá jí.

Ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀ tààrà títí tó fi bá ẹnu dọ́gba, ó ṣẹ́ igun níbẹ̀, ó wá forí lé àgbọ̀n tí mo gé pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Nítòsí igun yẹn ni mo fi ìlà kékeré kan sí, láti fi hàn pé ó di eyín pọ̀. Bí a bá yọ ìlà yẹn, agbára rẹ̀ dín kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀tún lókè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Kí n tó fọwọ́ kan yíǹkì, mo fi pẹ́ńsù kọ X sí gbogbo ibi tó máa dúdú pátápátá, bí àwọn ayàwòrán kọ́míìkì ṣe máa ń ṣe kí ẹni tó máa fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ lè mọ̀. Ìlà ìta ki, ti inú tín-ín-rín. Níbi tí dúdú ti fẹ́ pàdé ìmọ́lẹ̀, mo ń fa búrọ́ọ̀ṣì láti inú dúdú bọ̀ síta, ọwọ́ ń fúyẹ́ bó ṣe ń bọ̀, kí ìlà lè parí ní ṣóńṣó. Ó gbẹ dáadáa kí n tó fi rọ́bà pa pẹ́ńsù rẹ́.

Mo fi ibi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ níwájú orí àti nínú etí, mo kùn wọ́n ní búlúù. Búlúù ni wọ́n máa ń lò nínú kọ́míìkì àtijọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lára aṣọ dúdú, torí dúdú nìkan kì í jẹ́ kí a rí ibi tó yọ àti ibi tó wọnú.

Ẹni tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì lè fi báírò fa ìlà, kó fi máàkà kun ibi dúdú, ṣùgbọ́n kó fi bébà mìíràn sábẹ́, torí máàkà máa ń là kọjá sí orí tábìlì. Ọmọ náà ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní Robin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ran Batman lọ́wọ́, ló kàn. Ti Robin, irun orí wà láti yà, imú wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ti sọ fún un pé owó iṣẹ́ tìyẹn á lé sí i.