Tírélà Hẹ́dà Tó Ń Jùdí, Họ́ọ̀bù Tó Ń Gbóná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Hẹ́dà ni ẹnu gbọọrọ tó wà níwájú ẹ̀rọ ìkórè, òun ló ń gé ọkà. Ó lè fẹ̀ tó mítà 6, ó lè fẹ̀ tó mítà 12, nítorí náà kò ṣeé gbé gba títì bó ṣe wà lára ẹ̀rọ. A máa ń yọ ọ́, a ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí tírélà tirẹ̀, ọkọ̀ mìíràn á sì máa fà á lọ. Kì í ṣe tírélà akẹ́rù ńlá ni mo ń wí o. Irin gígùn tín-ín-rín ni, àga irin méjì tí hẹ́dà ń jókòó lé wà lórí rẹ̀, táyà méjì sí mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Torí pé kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹnikẹ́ni kì í kà á sí. Inú koríko ló máa ń wà títí ọkà á fi gbó, ọjọ́ tí a bá wá kánjú fà á jáde gan-an ló máa ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ hàn. Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń bi mí nípa rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, bí mo bá ti sáré dé 50 kìlómítà ní wákàtí, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí sọ́tùn-ún sósì. Mo ti pààrọ̀ táyà méjèèjì, kò yí padà. Kí ló ń ṣe é?

Ẹ má náwó lé táyà mọ́. Ibi tí ẹrù jókòó sí ni kẹ́ ẹ wò. Tírélà tí táyà rẹ̀ wà láàárín, tó fi ìmú lé ìdí ọkọ̀ tó ń fà á, gbọ́dọ̀ fi ìwúwo díẹ̀ te ìkọ́ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí tírélà àti hẹ́dà lápapọ̀ bá jẹ́ 4,000 kìlógíráàmù, 400 sí 600 ló yẹ kó wà lórí ìkọ́. Bí ẹrù bá pọ̀ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí tírélà á di ọ̀gá, ọkọ̀ iwájú á di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé hẹ́dà dà bí ẹni pé ó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dọ́gba. Lórí ọ̀pọ̀ hẹ́dà, apá tí gíábọ́ọ̀sì tó ń wa ọ̀bẹ wà ló wúwo jù. Apá yìí ló yẹ kó súnmọ́ iwájú bí àyè bá gbà á. Ẹlòmíràn ti pààrọ̀ hẹ́dà rẹ̀ sí èyí tó gùn ju ti àná lọ, ó sì gbé e lé àga méjèèjì níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kò sún wọn rárá. Ẹ tú bóòtù àga, ẹ sún un síwájú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Bí òṣùwọ̀n ọkọ̀ bá wà nítòsí, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ wọn tírélà pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, kí ọkọ̀ kankan má so mọ́ ọn, kí jáàkì ìmú rẹ̀ àti ìdúró ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà lórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀, kí táyà tírélà nìkan wà lórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ohun tó dín níbẹ̀ ni ìkọ́ ń gbé. Kẹ́ ẹ sì wo ìwé ọkọ̀ yín bóyá ó lè gbé e. Bí ìdí píkọ́ọ̀pù bá lọ sílẹ̀ tí iná iwájú rẹ̀ wá ń wo sánmà, ìmú yẹn ti wúwo jù fún un.

Bó bá jùdí nígbà tí ẹ wà lórí eré, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kẹ́ ẹ di sítíárìn mú gbọn-in ní títọ́. Ẹ má tẹ bíréèkì gììrì. Ẹ má sáré sí i pé ẹ fẹ́ fà á tọ́. Ẹ má sì máa yí sítíárìn tẹ̀ lé e, torí kẹ́ ẹ tó yí i sọ́tùn-ún, ó ti padà sósì. Bí tírélà bá ní bíréèkì iná tí ẹ lè fi ọwọ́ fà láti iwájú, òun nìkan ni kẹ́ ẹ fà, jẹ́jẹ́.

Ìbéèrè: Tèmi ní táyà mẹ́rin, méjì iwájú ń yí pẹ̀lú ọ̀pá ìfà bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kò gbé ìwúwo kankan lé ìkọ́, síbẹ̀ ó ń jùdí.

Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Irú èyí kì í te ìkọ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n tí mo sọ lókè kò kàn án. Ẹ dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹnì kan di ọ̀pá ìfà mú kó máa fi í sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀pá bá rìn tó ìbú ìka méjì kí táyà tó mira, tairọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń mú táyà iwájú méjèèjì yí pọ̀) tàbí kíńpíìnì (píìnì tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí) ti jẹ. Ẹ wo ihò tí píìnì ń wọ̀ lórí ọ̀pá ìfà náà. Mo ti rí èyí tó yẹ kó rí roboto, tó ti gùn bí ẹyin. Ẹ tún wo táyà iwájú méjèèjì bóyá wọ́n kọjú síbì kan náà, nítorí bí ọ̀kan bá ń wo ìta, á máa fà á kúrò lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nípa eré. Àwọn kan wà nínú irú yìí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 32 kìlómítà ní wákàtí. Bí ẹ bá ń fi 60 fà á, kò sí àtúnṣe tó máa ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo dúró lójú ọ̀nà, òórùn gírísì tó jóná ń ti ẹsẹ̀ òsì wá. Ṣé kí n máa fà á lọ títí màá fi délé?

Rárá o. Ẹ dúró síbẹ̀.

Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe àrùn. Èyí tí ooru rẹ̀ bá lé ọwọ́ yín sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó kàn án, inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbóná, bẹ́ríìnì ni (àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń mú wíìlì yí nínú họ́ọ̀bù), tàbí bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn tí kò tú sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá gbóná bákan náà, ẹrù ti pọ̀ jù, tàbí bíréèkì ń mú ní gbogbo ìgbà.

Bó bá ti tutù, ẹ dí àwọn táyà yòókù, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé ásù (ọ̀pá irin tí táyà wà létí rẹ̀) sókè, kẹ́ ẹ sì ti igi tó nípọn tàbí irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di orí táyà mú, kí ọwọ́ kejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ mì í wọlé-jáde. Bó bá ń ró kò-kò-kò, ó ti ṣí. Ẹ yí i, kẹ́ ẹ tẹ́tí: bẹ́ríìnì tó dáa kì í sọ̀rọ̀, èyí tó ti kú máa ń dún bí iyanrìn lábẹ́ bàtà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Ẹ yọ ìdérí, ẹ tọ́ ẹsẹ̀ píìnì tó há nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ fa họ́ọ̀bù jáde. Ẹ fi kerosíìnì fọ bẹ́ríìnì kó mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí irin rẹ̀ bá ti di àwọ̀ búlúù, tàbí tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ṣe, ẹ jù ú nù pẹ̀lú òrùka tó ń yí nínú rẹ̀. Wọn kì í ya ara wọn. Ẹ bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu bẹ́ríìnì gé e títí gírísì á fi yọ láàárín irin lódìkejì. Èyí tí wọ́n kàn fi pa ara rẹ̀ kò dé inú. Ọ́ìsíìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gírísì jò jáde) tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i. Nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, ẹ máa yí wíìlì bí ẹ ṣe ń mú nọ́ọ̀tì le, títí ẹ ó fi rí i pé ó ń wúwo. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka lásán mú un le, kẹ́ ẹ fi píìnì tuntun há a. Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé àwọn èèyàn ń fi sípánà mú un le pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ríìnì ọ̀tun ṣe ń jóná lọ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ rin bíi kìlómítà 15, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì wíìlì náà ń fẹ́ kẹ́ ẹ tún dì wọ́n, torí wọ́n máa ń jókòó dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rìn. Ẹ tún wọn dì kẹ́ ẹ tó rin 80 kìlómítà.

Ìbéèrè: Bí mo bá tan tráfíkétọ̀ òsì, ọ̀tún náà á máa ṣẹ́jú. Bí mo bá tẹ bíréèkì, gbogbo iná ẹ̀yìn á rẹ̀.

Áàtì ni, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, iná á máa wá ọ̀nà mìíràn gbà padà, á sì gba inú gílóòbù ẹlòmíràn. Ẹ mú wáyà gígùn kan, kẹ́ ẹ fi so ara irin iná ẹ̀yìn mọ́ orí bátìrì tí àmì ìyọkúrò wà. Bí iná bá tàn kedere, ẹ ti mú olè. Ẹ tú bóòtù áàtì náà, ẹ fá ọ̀dà àti ìpẹtà abẹ́ rẹ̀ títí irin á fi dán, kẹ́ ẹ dì í padà, kẹ́ ẹ fi gírísì díẹ̀ bò ó. Ẹ má gbára lé bọ́ọ̀lù ìkọ́ pé òun ni yóò máa gbé áàtì kọjá, gírísì tó wà lórí rẹ̀ kò ní gbà.

Bí èyí kò bá tó, ẹ wo inú púlọ́ọ̀gì tó so wáyà tírélà mọ́ ti ọkọ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ àwọn irin rẹ̀, ìpẹtà ni. Eku pẹ̀lú fẹ́ràn wáyà tó ti jókòó pẹ́. Ìṣòro kan sì wà tí kò kan wáyà rárá: iná tàn, ṣùgbọ́n hẹ́dà tó gùn kọjá ìdí tírélà ti bò ó. Ẹ fa ọ̀pá iná náà síta kó kọjá òpin hẹ́dà.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo tú tírélà kúrò lára ọkọ̀, ìmú rẹ̀ fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àgbọ̀n mi. Báwo ni màá ṣe máa gbé ẹrù lé e tí irú èyí ò fi ní ṣẹlẹ̀?

Ẹ kú oríire. Ìdí tírélà yẹn wúwo ju ìmú rẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé àrùn ìbéèrè àkọ́kọ́ wà lára tiyín náà, ó kàn fẹ́ fi ara hàn níbòmíràn ni. Ẹ má tú tírélà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ láìti ìdúró bọ abẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn.

Ní ti gbígbé ẹrù, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Kí tírélà wà lára ọkọ̀, kí bíréèkì ọwọ́ wà lókè, kí igi wà níwájú àti lẹ́yìn táyà. Ríìlì hẹ́dà, ìyẹn ohun tó ń yí lókè rẹ̀ tó ń fa ọkà sójú ọ̀bẹ, á wálẹ̀, á sì padà sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ tírélà ni ẹ̀rọ ìkórè ń gbà wọlé, á máa rọra bọ̀. Ẹni tó ń júwe fún awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lọ́nà jíjìn, níbi tí awakọ̀ ti ń rí i. Ẹni kankan kò gbọ́dọ̀ wà láàárín hẹ́dà àti tírélà, bó ti wù kó ṣe kékeré tó, àní kó jẹ́ láti kàn ti àga díẹ̀. Bí awakọ̀ kò bá rí ẹni tó ń júwe mọ́, kó dúró.

Bí hẹ́dà bá ti jókòó sínú àga méjèèjì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Lẹ́yìn èyí lẹ ó tó yọ ọ̀pá ìyípo àti okùn ọ́ìlì, tí ẹ ó sì ṣí ìdè tó so ó mọ́ ọ̀fun ẹ̀rọ. Bí ìdí kankan bá mú yín wọ abẹ́ hẹ́dà tó wà lókè, ẹ kọ́kọ́ sọ irin ìdádúró sórí sílíńdà, ìyẹn apá irin tó ń fi ọ́ìlì gbé hẹ́dà sókè. Ọ́ìlì tó ń gbé e sókè kò ṣe é fọkàn tán.

Ìbéèrè: Táyà mi kò tíì jẹ rárá, eyín rẹ̀ yọ dáadáa, síbẹ̀ ó bẹ́.

Ọjọ́ orí ló pa á. Oòrùn àti ìjókòó ń ba táyà tírélà jẹ́ ju ìrìn lọ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa wá òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni wọ́n kọ ìwúwo tó pọ̀ jù tó lè gbé àti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù tó lè gbà sí, ìgbà tí táyà tutù sì ni kẹ́ ẹ wọn afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Bẹ́líìtì tí mo fi ń de hẹ́dà mọ́ tírélà máa ń tú lójú ọ̀nà.

Hẹ́dà ń jókòó sí i bó ṣe ń mì. Ẹ dúró lẹ́yìn kìlómítà 10 sí 20 kẹ́ ẹ tún fà á. Ara férémù hẹ́dà ni kẹ́ ẹ ti dè é, kì í ṣe ríìlì, kí ó má sì kọjá lórí ọ̀bẹ láìsí ohun tó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá ń pariwo nínú afẹ́fẹ́, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó fà á le, á dákẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè?

Ẹ fi pákó sábẹ́ táyà, tàbí kẹ́ ẹ gbé ásù lé ìdúró. Ẹ pa gírísì sí ibi gbogbo tó ń yí, ẹ fi náílọ́ọ̀nù dí ẹnu púlọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ sì gbé e kọ́ sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkà tó gbó ni kẹ́ ẹ tún jáde sí i, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, torí ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń wá bẹ́ríìnì ni kì í sí lórí àtẹ.