Bí Mo Ṣe Jí Kọ̀ǹpútà XP Màmá Mi Dìde Láì Pa Máàkì Wọn Rẹ́

Orò ti sé wa mọ́lé lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá mọ Ikorodu mọ̀ pé tí ọjọ́ Orò bá pé, obìnrin kì í yọjú síta títí wọn yóò fi ṣe tán. Èmi, màmá mi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, la wà nínú ilé. A ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ láti àná, a ti fa kọ́tìnì, a sì gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sórí tábìlì ìjẹun. Pentium 4 ni, mọ́nítọ̀ rẹ̀ jẹ́ èyí tó yọ ikùn sẹ́yìn, Windows XP ló sì wà nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹn ni màmá mi fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Sabo. Wọ́n ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń tẹ ìwé ìkésíni ìnáwó, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí oníbàárà ò bá sí, tí iná ò sì tíì lọ, wọn á ṣí Pinball. Ẹ ó rántí rẹ̀: bọ́ọ̀lù irin kan, pátákó tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí, apá kéékèèké méjì nísàlẹ̀ tí èèyàn fi ń gbá bọ́ọ̀lù padà sókè kó má baà já sínú ihò. Orí páálí bébà fọ́tòkọ́pì ni mo máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí mo bá ti ilé ìwé dé. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí máàkì wọn wọ 4,812,250. Kò sẹ́ni tó gbá a tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Nígbà tí géèmù náà ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, IYA KOMPUTA ni wọ́n kọ, torí ohun táwọn oníbàárà ń pè wọ́n nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ń gbá géèmù lórí fóònù, màmá mi bá sọ fún un pé àwọn náà gbá géèmù rí, àwọn sì gbá a dé mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé. Ọmọ náà wò wọ́n títí, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé òótọ́ lẹ sọ?" Màmá mi ò bínú, wọ́n kàn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mí. Mo lọ fa kọ̀ǹpútà náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó wà nínú nylon láti ìgbà tí wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀bù tì.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní kí n jẹ́ kóun fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn kóun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kóun fi Windows tuntun sí i. Ó ní XP ti kú. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ọdún 2001 ni Microsoft gbé XP jáde, 8 April 2014 sì ni wọ́n jáwọ́ lára rẹ̀, tí wọn ò tún ibi tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣe mọ́. Steam, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra géèmù, ti kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Windows 7 náà bọ́ sínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀gá náà ò bi mí léèrè. Pinball ò ní fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ tó ń kọ máàkì sí. Inú registry ló ń kọ ọ́ sí, ìyẹn àkọsílẹ̀ ńlá tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò. Bí wọ́n bá fi lè fọ́máàtì, IYA KOMPUTA lọ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ẹrù mi, mo padà sílé.

Ẹ̀yìn XP náà ni Pinball kúrò nínú Windows. Raymond Chen, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà Microsoft, ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: nígbà tí wọ́n ń sọ géèmù náà di 64-bit, ìyẹn irú èyí tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú nǹkan kọjá bí iwin. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló kọ géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò rí ojú ibi tí àṣìṣe wà, wọ́n bá yọ ọ́. Nítorí náà, tí mo bá tiẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun fún màmá mi, géèmù wọn ò ní bá a wá.

Mo tú àpótí náà ní ẹ̀yìnkùlé. Eruku inú rẹ̀ nípọn bí aṣọ òfì. Ẹyin ọmọńlé méjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ń gbà wọlé, wọ́n ti gbẹ, wọ́n fúyẹ́ bí ìyẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun, èyí tí ò tíì kan ọ̀dà, ni mo fi gbá gbogbo rẹ̀. Mo fi ìka mú fáànù kó má yí nígbà tí mo ń gbá a. Kí n tó tan iná sí i, mo yọ wáyà kúrò lára dísìkì, ibi tí gbogbo fáìlì rẹ̀ wà, torí mi ò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí ohun tí mo ń wá.

Ó ké: fíí, fíí, fíí, kò dákẹ́. Ojú mọ́nítọ̀ dúdú. Ẹni tó bá ti gbé nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mọ igbe yẹn, RAM, ìyẹn pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ló ń ké. Mo yọ ọ́, mo fi ìrésà tí ọmọ mi fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu etí rẹ̀ tó dà bíi wúrà, lójú kìíní àti lójú kejì, títí dúdú ara rẹ̀ fi lọ. Mo kì í bọ̀ ọ́ padà títí ó fi dún káú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ sì jáde lójú mọ́nítọ̀. Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ó ti jí."

Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń bá a rántí àkókò ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń tún aago ṣe ní i. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún déètì ṣe.

Ibi tí mo ti lo àkókò jù ni ibi dísìkì, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí pé kó má fò ó. Dísìkì àtijọ́ lè ṣiṣẹ́ lónìí kó má ṣiṣẹ́ lọ́la. Irú èyí tí wáyà rẹ̀ gbòòrò, tí wọ́n ń pè ní IDE, ni tiwa, laptop òde òní ò mọ̀ ọ́n. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ikeja, mo ra wáyà tó ń so IDE mọ́ USB. Mo da gbogbo inú dísìkì náà kọ sórí laptop mi kí n tó jẹ́ kí XP fúnra rẹ̀ gbéra. Odindi òru kan ló gbà, dísìkì náà sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń rún ẹ̀pà. Nígbà tó parí, mo wá folder olúkúlùkù tó ń lo kọ̀ǹpútà náà, mo rí fáìlì NTUSER.DAT níbẹ̀. Inú fáìlì yẹn ni XP ń tọ́jú apá registry tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sí. Ọkàn mi balẹ̀.

Mi ò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, mi ò sì ní so ó. Ní May 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé, ó ń ti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ara òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft tún padà wá tún XP ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti jáwọ́. Kí ni mo fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lórí ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù irin? Flash ló tún kù. Ní Sabo, flash àwọn oníbàárà ló ń kó fáírọ́ọ̀sì wọlé fún wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gbéra fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti ń kì í bọ̀ ọ́. Mo máa ń yẹ flash wò lórí laptop ná, màá sì tẹ Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ń kì í bọ XP, kó má baà ṣí nǹkan fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Orò dé. XP gbéra, orin rẹ̀ dún, màmá mi ju orí sẹ́yìn nínú àga. Orúkọ méjì ló wà lójú rẹ̀: Staff àti Madam. Staff ò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, nítorí náà ibẹ̀ la bá wọlé. Mo ṣí Pinball, mo ṣí ibi tó ń fi máàkì hàn. Òfìfo ni. Kò sí orúkọ kankan.

Ọmọ mi wo ìyá mi. Ara mi tutù. Àfi ìgbà tó yá ni mo rántí ohun tí mo rí nínú fáìlì lọ́jọ́ kejì: ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní registry tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń lo Staff, màmá mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gbá géèmù. A ní láti wọlé bíi Madam, Madam sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ò rántí. Àmì ìbéèrè kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń fi ohun ìránnilétí hàn, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbé "ojo ti mo si i" jáde.

Wọ́n ní kí n dìde lórí àga. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe máa ń gbé e nígbà tí wọ́n ń tẹ̀wé, wọn ò wo nǹkan kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kíá, wọ́n tẹ Enter. Ó ṣí. Wọ́n ní, "Orí mi ti gbàgbé, ọwọ́ mi ò gbàgbé."

Ipò márùn-ún péré ni Pinball ń fi hàn, IYA KOMPUTA ló wà ní márààrún. Òkè pátápátá ni 4,812,250 wà, 1,204,750 ló wà nísàlẹ̀. Ọmọ mi ka nọ́ńbà òkè náà sókè, ní mílíọ̀nù àti ẹgbẹ̀rún, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ máà bínú."

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ṣí regedit, ohun tí Windows fi ń ṣí registry, mo wá ibi tí géèmù náà wà, lábẹ́ Software, Microsoft, Plus!, Pinball, SpaceCadet. Mo yàn án, mo tẹ Export, mo fi déètì ọjọ́ náà sọ fáìlì lórúkọ, mo kó o sórí flash. Bí dísìkì yẹn bá kú lọ́la, àwọn máàkì náà wà lọ́wọ́ mi.

Màmá mi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì lórí Z, ọwọ́ ọ̀tún lórí àmì ìdábùú tó wà nítòsí Shift, bọ́tìnì gígùn láti ta bọ́ọ̀lù. Apá òsì ṣiṣẹ́, apá ọ̀tún ò mì. Bọ́tìnì yẹn ti kú lára kíbọ́ọ̀dù. Mo tẹ F8, géèmù náà jẹ́ kí n yan bọ́tìnì míì, mo fi M rọ́pò rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. A ń gbọ́ ohùn Orò lókèèrè nígbà náà, màmá mi ní kí n dín ohùn kọ̀ǹpútà kù, pé kì í ṣe ọjọ́ ariwo. Mo dín in kù tí a fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù náà bí ẹni ń ta kọ́bọ̀ sínú àwo.

Mo gbìyànjú géèmù míì kan, dísìkì eré ìje ọkọ̀ tí àbúrò bàbá mi mú wá láti London. Laptop mi tó ní Windows 10 kọ̀ ọ́ pátápátá, torí SafeDisc, ìyẹn àgádágodo tí wọ́n fi dí irú dísìkì yẹn, Windows 10 ò gbà á láyè. XP ò bá a jà. Ohun kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun ò rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú d3dx9. Àpò DirectX ti June 2010, ìyẹn àkójọ fáìlì tí Microsoft ṣe fún géèmù, ló ń wo ìyẹn sàn. Laptop ni mo fi wà á jáde, mo tú u sínú folder kan, mo tẹ DXSETUP, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sẹ́ni tó wò ó ju ìdajì wákàtí lọ. Pinball ni gbogbo wa fẹ́.

Màmá mi dé mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ipò kẹta ni wọ́n wọ̀. Wọ́n gbé àga fún ọmọ mi, wọ́n sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Má yára. Jẹ́ kó bọ́ sórí apá ná kó o tó gbá a." Ọmọ náà ń pàdánù bọ́ọ̀lù, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, UPS gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, máàkì rẹ̀ kọjá èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, géèmù náà sì ní kó kọ orúkọ rẹ̀.

Kò kọ ọ́. Ó yíjú padà, ó ní bí òun bá kọ orúkọ òun, ọ̀kan nínú ti ìyá àgbà á jáde.

Màmá mi na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, wọ́n fi ìka kan tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ fún un. Wọ́n ní, "Tẹ ìyókù."

Lẹ́yìn tí ó tẹ̀ ẹ́ tán, mo tún ṣí regedit, mo tún Export, mo sọ fáìlì kejì ní orúkọ àwọn méjèèjì.